Ọṣẹ Mẹ́ta Tó Fẹ́ Lọ Sí Kẹ́ńyà

Ọṣẹ ìwẹ̀ mẹ́ta ló jáde nínú àpòòwé náà. Ọ̀kan yọ̀ lórí tábìlì Wisdom, ó já bọ́, ó sá wọ abẹ́ àga bí ẹni tó jẹ̀bi.

Alhaji Sàlíhù, bàbá tó bí bàbá mi, wo ọṣẹ, wọ́n wo Wisdom, wọ́n tún gbé àpòòwé náà sókè, wọ́n gbọ̀n ọ́n bí ìgbà téèyàn ń gbọn àpò gàrí tó ti tán. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ àná tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìṣojú mi ni Alhaji ṣe kó pásípọ́ọ̀tù mẹ́ta sínú àpòòwé yìí: tiwọn, ti Alhaja Asiyah tó jẹ́ ìyáálé wọn, àti tèmi Shamsudeen. Wọ́n fi rọ́bà so ó, wọ́n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀. Láàárọ̀ yìí, wọ́n gbé e bó ṣe wà. Ó sì wúwo bó ṣe yẹ kó wúwo.

Wisdom ló ń bá wa ṣètò ìrìnàjò náà. Ọ́fíìsì rẹ̀ ní Hanwa, ní ìlú Zaria, tutù débi pé téèyàn bá pẹ́ níbẹ̀, á máa rò pé òun ti wọ bàálù. Ó tẹ̀ ba, ó mú ọṣẹ kẹta jáde lábẹ́ àga, ó tò wọ́n sójú kan.

Ó ní, "Alhaji, ẹ má bínú. Mi ò lè fi ọṣẹ gba ìjókòó nínú bàálù."

Ó wá ṣàlàyé pé aago mẹ́rin ọ̀sán òní ni àwọn tó ni bàálù máa fi ìjókòó wa sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Tí pásípọ́ọ̀tù ò bá tíì dé orí tábìlì òun nígbà yẹn, ó di oṣù mẹ́ta kí àyè mìíràn tó yọ. Aago mọ́kànlá ti kọjá.

Alhaji yí ojú sọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀, bí fáànù orí tábìlì tí iná ò gbé dáadáa.

"Shamsu."

"Bàbá, wallahi, kì í ṣe èmi."

"Ta ni mo ní ó ṣe é?"

Mi ò bá wọn wí. Èmi ni mo fi fìlà Alhaji dé òbúkọ lórí lọ́dún tó kọjá, tí mo so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí oníbàárà kan láti Funtua fi bọ́ bàtà, tó bẹ̀rẹ̀ kí i. Ọkùnrin yẹn ní òun rò pé Alhaji ń ṣàìsàn ni. Láti ọjọ́ náà, bí omi bá dànù nílé wa, wọ́n á kọ́kọ́ bi mí léèrè kí wọ́n tó wo ẹsẹ̀ adìyẹ.

Nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé wa padà sí Sabon Gari, Alhaji dá ẹjọ́ mi. Wọ́n ní tí pásípọ́ọ̀tù ò bá jáde kí aago mẹ́rin tó lù, Ìlọrin ni mò ń lọ, lọ́dọ̀ bàbá mi kékeré, tó ń wá ẹni tí yóò máa bá a kó ìgbẹ́ adìyẹ ẹgbẹ̀rún méjì.

Ìgbẹ́ adìyẹ kọ́ ló dùn mí. Òkun ni. Sabon Gari ni wọ́n bí mi sí. Omi tó tóbi jù tí mo rí rí ni omi tí wọ́n sé, tí ẹ̀rọ ń fà fún ìlú. Àǹtí mi Waheedat, ọmọ Alhaja, ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Mombasa ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Òun ló ní ká wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ òun létí òkun. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́: iyanrìn funfun bí ìyẹ̀fun, omi tí kò ní òdìkejì, àti ìlú àtijọ́ kan nínú igbó lẹ́bàá òkun tí wọ́n ń pè ní Gede. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti kó lọ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ohun tó lé wọn. Ògiri ṣẹ́kù, kànga ṣẹ́kù, mọ́ṣáláṣí tí kò lórùlé ṣẹ́kù, àwọn ọ̀bọ sì ń rìn káàkiri níbẹ̀ bí onílé tó ń wá ayálégbé.

Alhaja ní ìrun rákà méjì péré làwọn fẹ́ kí nínú mọ́ṣáláṣí tí kò lórùlé yẹn, kí ojú ọ̀run rí àwọn dáadáa. Alhaji lẹ fọ́tò òkun mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, láàárín ìkòkò àti abọ́ tí wọ́n ń tà. Oṣù mẹ́rin la fi múra. Ìyà díẹ̀ kọ́ ni Alhaja jẹ lórí pásípọ́ọ̀tù yìí. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ ṣe é ní Kaduna, ẹ̀rọ tó ń ya ìka kọ ìka wọn, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ní láàlì ló fà á, kí Alhaja padà wá tó bá ṣí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyá àgbà fi ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ bó ìka, tí wọ́n ń ṣépè fún ẹ̀rọ.

Ìdí nìyí tí Alhaji ò fi rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ dúró ní àgọ́ ọlọ́pàá.

*

Ìnsípẹ́kítọ̀ Purity Adébísí wà lẹ́nu géètì, ó ń ra kunun aya, ohun mímu tútù kan. Kàbbà ni bàbá rẹ̀ ti wá, Wusasa lẹ́bàá Zaria ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá, Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lè dákẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ti kìlọ̀ fún mi nígbà kan pé kí n má fi "wọ́n" pe òun mọ́, òun kì í ṣe èrò ọjà. Òun ló rí jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan tó sọnù lọ́jọ́sí, kò sì bi olè náà ní nǹkan kan ju pé kí ló jẹ láàárọ̀.

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Alhaji tán, títí kan ti ẹ̀rọ Kaduna àti ọsàn wẹ́wẹ́, ó fa kunun rẹ̀, ó ní ká máa lọ sílé. Nígbà tí a débẹ̀, ó to ọṣẹ mẹ́ta náà sórí ìjókòó, ó gbóòórùn wọn níkọ̀ọ̀kan, ó wá pè mí.

"Ìwọ ni wọ́n ní ó fi fìlà dé òbúkọ?"

"Èmi ni, mà."

"Ká ní ìwọ lo fẹ́ jí pásípọ́ọ̀tù yìí, kí lo máa fi rọ́pò rẹ̀?"

Mo ronú sí i tọkàntọkàn, nítorí ìbéèrè gidi ni.

"Ọ̀pọ̀lọ́, mà."

"Òkú àbí ààyè?"

"Ààyè, mà. Òkú ò ní fò."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó ní, "Alhaji, kì í ṣe ọmọ yìí."

Alhaji ní báwo ló ṣe mọ̀. Purity ní ẹni tó bá fẹ́ dápàárá máa ń fi ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín síbẹ̀, á sì dúró wo ojú ẹni tó fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tó fi ọṣẹ sínú àpòòwé ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ kó wúwo lọ́wọ́ Alhaji, kó má fu wọ́n lára kí wọ́n tó dé Hanwa. Ó yan ohun tó mọ́, tí kò ní da epo sí nǹkan kan. Ó tún fi rọ́bà so ẹnu rẹ̀ padà. "Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò sì bá yín jà."

Alhaji ní ìyẹn dára, ṣùgbọ́n títí wọ́n á fi rí pásípọ́ọ̀tù, adìyẹ ṣì ń dúró dè mí.

Ọṣẹ náà ò lè tọ́ka sí ẹnì kankan. Alhaja Asiyah ló ń ta irú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òun ni gbogbo ilé fi ń wẹ̀. A bá Alhaja lórí páálí ọṣẹ kan nínú àgbàlá, tí wọ́n ń rán ọnà sí fìlà tí Alhaji máa dé lọ sí òkun. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi di abẹ́rẹ́ mú. Wọ́n kí Ìnsípẹ́kítọ̀ dáadáa, wọ́n béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ní Ọlọ́run á tú olè fó. Wọn ò dìde lórí páálí.

*

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Zulaykha, ìyàwó kejì Alhaji, tí a ń pè ní Ìyá Kékeré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ṣe rí. Yàrá wọn kọjú síra wọn, ìjà wọn sì máa ń dé lójoojúmọ́ ju iná mànàmáná lọ. Lọ́dún tó kọjá tí àwọn àti Alhaji ń lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ìlọrin, tí wọ́n fi mí sílẹ̀ nílé, wọ́n jà lórí ẹni tó máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti Zaria títí dé Jebba. Ní Jebba, dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi, ó ní òun ò wakọ̀ mọ́. Níbẹ̀ ni Alhaji ti búra. Wọ́n ní wallahi, àwọn ò tún ní kó àwọn méjèèjì lọ síbì kan náà mọ́ láyé. Nítorí náà nígbà tí ti òkun dé, Alhaja nìkan ni wọ́n mú.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Alhaja á ní, "Ìwọ ewúrẹ́ yìí, sọ fún àwọn kan pé iyọ̀ ti tán nílé ìdáná." Ìyá Kékeré á ní, "Ewúrẹ́, bá mi bi àwọn kan pé ta ló jẹ ẹ́." Ewúrẹ́ náà ti rù.

Purity bi Ìyá Kékeré bóyá inú bí wọn pé wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Ìyá Kékeré rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí làwọn fẹ́ fi ògiri tó wó ṣe, àwọn tí ògiri àtijọ́ yí ìlú àwọn ká. Àwọn á gba kẹ̀kẹ́ lọ sí Zaria City, àwọn á wo ògiri yó, àwọn á padà wá jẹun lọ́sàn-án.

"Òkun ńkọ́?" ni Purity wí.

Ìyá Kékeré fa ìborùn wọn bo orí.

"Òkun ò sí ní Zaria," ni wọ́n wí.

Purity béèrè ẹni tó jáde nílùú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá Kékeré ní àwọn lọ kí ọ̀rẹ́ àwọn kan kú ọ̀fọ̀ ní Kaduna ní Àlàmísì. Alhaji bọ́ sí àárín. Wọ́n ní kí Ìnsípẹ́kítọ̀ tú yàrá náà wò, ọ̀rọ̀ ti yé àwọn. Purity tú u. Ó rí aṣọ, ó rí lọ́fínńdà, ó rí fọ́tò òkun kan tí wọ́n gé jáde láti inú kàlẹ́ńdà, tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Pásípọ́ọ̀tù ò sí níbẹ̀. Ó dá fọ́tò náà padà síbi tó wà, ó tún ìrọ̀rí ṣe.

Aago kan lù. Mo ti ń gbọ́ òórùn adìyẹ.

*

Bí Purity ṣe ń kọjá níwájú yàrá Alhaji, ó dúró. Ẹní iwájú ilẹ̀kùn tutù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ẹní, ó fi kan ahọ́n.

"Iyọ̀," ló wí.

Alhaji yára dí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní kò sí nǹkan níbẹ̀, wọ́n ní yàrá ọkùnrin ni, wọ́n ní ó dọ̀tí. Purity ń wò wọ́n ṣáá. Èmi gba abẹ́ apá Alhaji wọlé. Mo rí báàfù ńlá kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, omi kún un, àpò iyọ̀ méjì tó ti ṣófo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé fáànù síwájú rẹ̀, wọ́n sì da yanrìn tí wọ́n fi ń mọlé sílẹ̀ yí i ká.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dákẹ́.

Mo ní, "Bàbá, òkun rèé."

Alhaji jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin làwọn, àwọn ò tíì wọ omi tó kọjá orúnkún rí. Ọ̀sẹ̀ méjì làwọn ti ń ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn Àsárì, táwọn ń tan fáànù fún atẹ́gùn, táwọn ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Purity béèrè bóyá ẹ̀rù ń bà wọ́n.

"Ẹ̀rù kọ́," ni Alhaji wí. "Mo kàn ń sọ fún ẹsẹ̀ mi ṣáájú ni."

Ìnsípẹ́kítọ̀ yí ojú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yíjú padà, ojú rẹ̀ ti tún rí bí ti ọlọ́pàá. Ó sọ fún mi níta pé òun ti ro Alhaji mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, nítorí ẹni tí ẹ̀rù òkun bá ń bà lè fi pásípọ́ọ̀tù pamọ́. "Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ lọ ò ní ra àpò iyọ̀ méjì."

Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ta ló kù? Ó ní kí n bá òun mú kunun òun wá.

*

Lẹ́yìn ìrun Àílà, Purity pe gbogbo wa sí àgbàlá. Alhaja wọ́ páálí ọṣẹ wọn tẹ̀lé ara wọn láti ibi tí wọ́n ti kírun, wọ́n tún jókòó lé e. Ìnsípẹ́kítọ̀ mú ìwé funfun kan jáde, ó gbé páàdì tàdáwà tì í. Ó ní kí kálukú fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ ìwé náà, pé ọ̀rọ̀ tí a sọ fún òun, òótọ́ ni.

Alhaji tẹ̀ ẹ́. Èmi tẹ̀ ẹ́. Alhaja tẹ̀ ẹ́, láàlì dúdú tó wà ní ìka wọn ò sì jẹ́ ká mọ ibi tí tàdáwà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó kan Ìyá Kékeré. Wọ́n káwọ́ aṣọ sókè. Wọ́n to ìka mẹ́rin ọwọ́ ọ̀tún pọ̀, wọ́n gbé e lé páàdì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Wọ́n to mẹ́rin ọwọ́ òsì, wọ́n tẹ ìyẹn náà. Wọ́n wá so àtàǹpàkò méjèèjì pọ̀, wọ́n tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo rẹ̀ gún régé bí ẹja inú agolo.

Purity wo ìwé náà. Ó wo ọwọ́ Ìyá Kékeré. Ó mu kunun rẹ̀ títí ó fi ń dún.

"Láàlì yín dára o," ló wí fún wọn. "Ta ló lé e?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Alhaja ńkọ́?"

"Èmi fúnra mi," ni Alhaja wí láìgbójú sókè.

"Ọwọ́ méjèèjì?"

Abẹ́rẹ́ Alhaja dúró nínú fìlà.

Purity ní Wusasa ni wọ́n ti bí òun, kò sí ìyàwó àdúgbò tí wọn ò lé láàlì fún lójú òun. Ẹni tí láàlì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n bá fi nàílọ́ọ̀nù wé e, kò lè mú ṣíbí, kò lè lé eṣinṣin, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ so ó, òun náà ló máa tú u. Láàlì àwọn méjèèjì dúdú bákan náà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n lé e. Ọnà ewé tó wà lọ́wọ́ Ìyá Kékeré, gbogbo rẹ̀ ló tẹ̀ sí òsì, bíi ti ewé tó wà lára fìlà tí Alhaja ń fi ọwọ́ òsì rán yìí gan-an.

Alhaji ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ ni àwọn èèyàn yìí ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ fara balẹ̀, Alhaji," ni Purity wí. "Ṣóńṣó ìka ni láàlì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìka Alhaja dúdú dé oríkèé. Ti Ìyá Kékeré, ṣóńṣó ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló mọ́ tónítóní. Ta ló ń lé láàlì tó ń fi ṣóńṣó ìka sílẹ̀? Ẹni tó fẹ́ lọ gbé ìka fún ẹ̀rọ wò. Ta ló sì mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn lè kọ láàlì? Ẹni tó ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ bó ìka rí fún ọ̀sẹ̀ méjì."

Ó gbé ìwé náà sókè kí a rí i.

"Àtàǹpàkò kan ni mo béèrè. Ìyá Kékeré tẹ mẹ́rin, wọ́n tẹ mẹ́rin, wọ́n tẹ méjì. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ṣe pásípọ́ọ̀tù ló ń to ìka báyẹn. Wọn ò kí ẹnì kankan kú ọ̀fọ̀ ní Kaduna ní Àlàmísì."

Alhaji wo ìyàwó kejì. Ìyá Kékeré wo ilẹ̀. Purity ò wo ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀dọ̀ Alhaja ló yíjú sí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Alhaja, ẹni tó mú ọṣẹ mẹ́ta kúrò nínú páálí, àyè á ṣófo níbẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ kì í fi àyè sílẹ̀ lófo. Ẹ dákun, ẹ dìde díẹ̀."

Alhaja ò dìde lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún fìlà, wọ́n ká a, wọ́n gbé e sórí itan. Wọ́n wá dìde. Èmi ni mo ṣí páálí. Lábẹ́ ìlà ọṣẹ àkọ́kọ́, pásípọ́ọ̀tù mẹ́ta sùn jẹ́ẹ́, wọ́n ń ta sánsán bí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Alhaji ní, "Asiyah. Pásípọ́ọ̀tù ara rẹ lo jí?"

Alhaja ní àwọn ò jí i, àwọn kàn ní kó sinmi ni. Pásípọ́ọ̀tù Ìyàwó á jáde ní Àlàmísì yìí. Tí Wisdom bá ti kó ìwé mẹ́ta lọ, ọ̀rọ̀ ti parí, wọ́n á ní ó ti kún. Àwọn fẹ́ kó falẹ̀ di Àlàmísì péré. Alhaji bi wọ́n bóyá wọn ò mọ̀ pé aago mẹ́rin òní ni gbogbo rẹ̀ máa bàjẹ́. Ó ya Alhaja lẹ́nu. Wọ́n ní ìgbà táwọn fẹ́ lọ Mẹ́kà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Ìrìnàjò wo ni wọn kì í fi ọjọ́ kún?

"Òkun kì í ṣe Mẹ́kà, Alhaja," ni mo wí. Wọ́n ní kí n dákẹ́.

"Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ kì í sọ̀rọ̀," ni Alhaji wí. "Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀?"

Ìyá Kékeré ló dáhùn. Wọ́n ní àwọn ò dákẹ́ rí. Tí Alhaji bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹní kan náà làwọn ń tẹ́. Ewúrẹ́ yẹn, kí Alhaji má baà fura ni.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹ ti búra," ni Alhaja wí. Wọ́n wo Ìyá Kékeré, wọ́n wo mọ́ṣáláṣí tí kò lórùlé tó wà lójú fóònù tí mo dì mú. "Alhaji, ọ̀sẹ̀ méjì ni o. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń gbọ́ ohùn obìnrin yìí láràárọ̀. Tí mo bá débẹ̀, tí mo rí gbogbo omi yẹn, ta ni màá bá jà?"

Ewúrẹ́ náà gbójú sókè, bóyá ó ń retí iṣẹ́ tí wọ́n máa rán an.

*

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Alhaji ní àwọn fẹ́ mú ìyàwó méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n ìbúra ńkọ́, àwọn pe orúkọ Ọlọ́run sí i. Purity ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lòun, ibẹ̀ yẹn kọjá òun. Alhaja ò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kàfárà ńkọ́. Kí Alhaji bọ́ tálákà mẹ́wàá, kí ìbúra náà tú. Ó hàn pé ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ní ìdáhùn yẹn nílẹ̀.

Àwa mẹ́rin la há sínú kẹ̀kẹ́ kan. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, ìdajì ìdí mi wà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn, wọ́n ti ń jà lórí ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ atẹ́gùn. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ wojú mi, ó ní haba. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe sọ̀ kalẹ̀ o, kò sí igi níbí.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló kù tí aago mẹ́rin á lù nígbà tí pásípọ́ọ̀tù mẹ́ta balẹ̀ sórí tábìlì Wisdom. Ó ṣí tèmi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí, kò béèrè. Ìyá Kékeré tú ìwé tí wọ́n fún wọn ní Kaduna jáde láti inú ìborùn. Wisdom ní nọ́mbà tó wà lórí rẹ̀ tó láti fi di ìjókòó mú di Àlàmísì. Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní ó ku ìjókòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, lójú fèrèsé.

Alhaji ní, "Máà sọ ọ́ sókè."

Ó ti pẹ́ jù. Wọ́n ti gbọ́.

*

Lọ́jọ́ kejì ni a ṣe kàfárà. Àwọn ìyàwó méjèèjì jọ dáná ìrẹsì. Tálákà mẹ́sàn-án jókòó sórí ẹní nínú àgbàlá. Alhaji kà wọ́n, wọ́n tún wọn kà, wọ́n wá wò mí.

"Shamsu, kí lo ní láyé yìí?"

"Mi ò ní nǹkan kan, Bàbá."

"Jókòó."

Bí mo ṣe di tálákà kẹwàá nìyẹn, mo sì jẹ ẹran méjì. Purity náà yà wá, ó fẹ́ mú àpòòwé tó kó ìwé tí a tẹ̀ sí, èyí tó gbàgbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù wa. Láti ilé ìdáná, a ń gbọ́ ohùn Alhaja pé àgbà ló ń jókòó sí ojú fèrèsé, ohùn Ìyá Kékeré ń fèsì pé àgbà kì í wo ìsàlẹ̀, òòyì á kọ́ ọ. Purity bi Alhaji bóyá wọn ò ní dá sí i.

Alhaji bu ìrẹsì. "Tí mo bá parí ìjà wọn," ni wọ́n wí, "kí ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sí Kẹ́ńyà?"

Purity rẹ́rìn-ín, ó ki àpòòwé rẹ̀ bọ abíyá. Àpòòwé náà mira. Ó yọ ọ́ jáde, ó gbé e síwájú ojú. Ó tún mira. Ó yíjú sọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀.

"Ààyè ni?"

"Ààyè ni, mà."

Alhaji ti fọwọ́ bọ àpò, wọ́n ti ń wá nọ́mbà bàbá mi kékeré ní Ìlọrin. Ìjà dákẹ́ nílé ìdáná. Orí méjì yọ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ẹnu kan náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́: "Alhaji, ọmọ yẹn ń bá wa lọ."

Ilẹ̀kùn padé. Wọ́n padà sórí ọ̀rọ̀ fèrèsé.